Iṣẹ́ Abẹ Ọkàn àti Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Inú Ara

 

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì wá bá mi ní ọ́fíìsì, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Bàbá àgbà rẹ̀ tó ń gbé pẹ̀lú wọn fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn. Ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn inú ọkàn Bàbá ti le gan-an, kò ṣí dáadáa mọ́, wọ́n sì fẹ́ fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀. Ilé ìwòsàn náà ní ògbufọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni Bàbá ti fẹ́ gbọ́ ọ. Ọmọ náà gbìyànjú. Ó ní, "Bàbá àgbà, wọ́n á pa ọkàn yín, tí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á tún tan án." Ẹ wò ó, gírámà rẹ̀ kò burú. Ṣebí a ń pa iná, a ń pa rédíò, a sì ń tan wọ́n padà? Ṣùgbọ́n Bàbá dìde lórí àga, ó ní òun ò ṣe mọ́.

Wọ́n pẹ̀tù sí Bàbá nínú, ó gbà. Ni ọ̀rọ̀ kejì bá tún dé. Dókítà ní kí wọ́n ṣàlàyé fún un pé ohun tó ń dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ àrùn máa kọ́kọ́ ṣe àṣejù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, lẹ́yìn èyí ló máa wá rẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ó rí "àjẹsára" níbẹ̀. Bàbá ní, "Àjẹsára kẹ̀? Mo ti gba abẹ́rẹ́ yẹn lọ́dún tó kọjá." Ìgbà yẹn ló wá bá mi.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé ohun tí dókítà yẹn ń sọ, ní èdè tí ẹ lè fi bá àwọn àgbà ilé yín sọ̀rọ̀. Èmi kì í ṣe oníṣègùn o, èdè ni mo kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ, torí náà mo lọ kà nípa rẹ̀, mo sì bi àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ náà gan-an. "Àjẹsára" jáde láti inú "jẹ" àti "sí ara": ohun tí a jẹ sí ara kí ó lè máa bá wa gbé níbẹ̀. Láyé àtijọ́, oògùn tí èèyàn lò sílẹ̀ kí ibi má baà ràn án ni. Lónìí, tí ẹ bá dárúkọ rẹ̀, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún ọmọdé ni gbogbo ayé máa rò. Ohun tí dókítà ń sọ kì í ṣe nǹkan tí ẹnikẹ́ni fún Bàbá. Ara rẹ̀ ló ni ín, ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Nínú ìwé, "ètò ààbò ara" dára. Lẹ́nu, èmi máa ń sọ pé "àwọn ẹ̀ṣọ́ ara", torí pé àgbàlagbà mọ ẹ̀ṣọ́: àwọn tó ń ṣọ́ ìlú, tí wọn kì í jẹ́ kí ọ̀tá wọlé.

Awọ ara ni odi ìlú náà. Lẹ́yìn odi ni àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wà, inú mùdùnmúdùn egungun ni ara sì ti ń ṣe wọ́n. Oríṣiríṣi ni wọ́n. Àwọn tí wọ́n ń pè ní neutrophil ló máa ń kọ́kọ́ dé ojú ìjà. Ẹ̀mí wọn kò gùn, òkú wọn ló sì pọ̀ jù nínú ọyún tí ẹ ń rí lójú egbò. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àmì ìsàlẹ̀ yẹn! Ọyún ni ti egbò, oyún ni ti aboyún. Mo ti máàkì ìwé ìdánwò kan rí níbi tí dókítà ti ń fi òwú nu oyún kúrò lẹ́sẹ̀ ọkùnrin kan.) Àwọn monocyte máa ń gbé kòkòrò àrùn mì, wọ́n á wá gbé èérún rẹ̀ sórí ohun kan tó dà bí àwo, wọ́n á fi han àwọn lymphocyte. Àwọn lymphocyte ni àgbà ẹ̀ṣọ́: wọn kì í yára, ṣùgbọ́n wọn kì í gbàgbé ọ̀tá tí wọ́n bá ti bá jà rí. Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, àwọn purotéènì kan wà tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, complement ni orúkọ wọn. Wọ́n dà bí ajá tó sùn sí ẹnu ọ̀nà. Kí ara àjèjì kàn kàn wọ́n báyìí, wọ́n ti jí nìyẹn, wọ́n á máa gbó. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tún máa ń ránṣẹ́ síra wọn pẹ̀lú nǹkan kan tó ń jẹ́ cytokine. Agogo tí wọ́n ń lù láàárín ìlú ni ẹ fi í pè: ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ ti mọ̀ pé ogun ti dé.

Ó dáa. Kí ni iṣẹ́ abẹ wá ṣe fún wọn?

Kí dókítà tó lè ṣiṣẹ́ nínú ọkàn, ó sábà gbọ́dọ̀ la egungun àárín àyà sí méjì, kí ọkàn sì dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ má sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọpọlọ kò lè fara da àìsí ẹ̀jẹ̀ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Wàhálà yìí ló dá àwọn oníṣẹ́ abẹ dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí John Gibbon fi lo ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ní Philadelphia ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 1953. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 18 kan ló ní ihò nínú ọkàn. Ìṣẹ́jú 26 ni ẹ̀rọ yẹn fi dá gbé iṣẹ́ ọkàn àti ti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ọmọ náà sì yè. Ní Nàìjíríà, ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn báyìí, ní ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Enugu. Magdi Yacoub àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ló wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Fabian Udekwu ṣe é.

Èmi ń pe ẹ̀rọ náà ní adelé. Adelé ni ẹni tó ń mójú tó ààfin nígbà tí kò sí ọba lórí àpèrè. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ mi padà lọ sọ fún Bàbá pé, "Ọkàn yín á simi fún wákàtí díẹ̀, adelé á máa bá a ṣiṣẹ́," Bàbá mi orí, ó ní ìyẹn yé òun.

Ẹ wo bí adelé ṣe ń ṣiṣẹ́. Rọ́bà ńlá kan ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde kí ó tó dé inú ọkàn. Ẹ̀jẹ̀ náà á bọ́ sínú ike kan, á gba inú ohun tó ń yọ afẹ́fẹ́ burúkú kúrò lára rẹ̀ kọjá, níbẹ̀ ló ti máa gba ọ́síjìn. Wọ́n lè mú un tutù tàbí kí wọ́n mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ á tì í padà sínú iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́kàn. Àgbàlagbà ní ẹ̀jẹ̀ bíi lítà 5 lára, ẹ̀rọ náà sì lè ti bíi lítà 4 sí 5 ní ìṣẹ́jú kan. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, tí ẹ̀rọ náà bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì, ẹ̀jẹ̀ Bàbá lè ti gba inú ike àti rọ́bà kọjá ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìgbà.

Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wa ní sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ tó tẹ́ ẹ láti òkè délẹ̀. Lára iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n máa sọ fún ẹ̀jẹ̀ pé ilé ló wà, kí ó fara balẹ̀. Ike kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ bá kan ike, purotéènì á ti lẹ̀ mọ́ ọn, complement á ti jí, agogo á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Lójú àwọn ẹ̀ṣọ́, ó dà bí ẹni pé gbogbo ara ti di ojú egbò kan ṣoṣo. Àwọn neutrophil á tú jáde lọ́pọ̀ yanturu láti wá ọ̀tá tí kò sí níbẹ̀. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ ara iṣan ẹ̀jẹ̀, pàápàá nínú ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n á máa tú oró tó yẹ kí wọ́n fi pa kòkòrò sára ilé ara wọn. Oògùn heparin tí wọ́n ń fún aláìsàn kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì nínú ẹ̀rọ kò dá èyí dúró. Kódà oògùn protamine tí wọ́n fi ń pa agbára heparin tí iṣẹ́ bá parí tún máa ń jí complement lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní ọdún 1983, James Kirklin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Birmingham, ní ìpínlẹ̀ Alabama, wọn C3a nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. C3a ni ohun tó máa ń jáde tí complement bá ti jí. Wọ́n rí i pé bó ṣe pọ̀ tó lára ènìyàn ni wàhálà ẹ̀dọ̀fóró, kíndìnrín àti ọkàn ṣe lè pọ̀ tó lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Láti ìgbà náà ni wọn kò ti fi ojú ìdáwọ́lé lásán wo ọ̀rọ̀ yìí mọ́.

Kì í ṣe ike nìkan o. Tí wọ́n bá jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà sínú ọkàn tó ti simi láìní ọ́síjìn, ìpadàbọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ máa ń pa ọkàn lára. Ìfun tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa lè jẹ́ kí ìdọ̀tí kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ jò bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Lílà tí wọ́n la àyà náà sì tó láti bí àwọn ẹ̀ṣọ́ nínú. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, nígbà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣan tuntun sí ara ọkàn nígbà tó ṣì ń lù, láìlo adelé rárá, ìbínú náà dín kù, ṣùgbọ́n kò tán.

Kí ni ẹ máa fi ojú rí nínú gbogbo èyí? Tí ẹ bá wọ yàrá ìtọ́jú àkànṣe lọ́jọ́ kejì, ẹ máa rí i pé ojú Bàbá ti wú, ọwọ́ rẹ̀ ti wú. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń jò, omi ń bọ́ sára. Ara rẹ̀ lè gbóná. Ibà ọjọ́ kìn-ín-ní àti ọjọ́ kejì, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ti kòkòrò àrùn, ariwo àwọn ẹ̀ṣọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì láti sọ fún àwọn ará ilé ṣáájú, torí mo ti gbọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń pariwo lé nọ́ọ̀sì lórí ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ pé wọ́n ti kó àrùn ran bàbá àwọn.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ni mo rí i pé àwọn ènìyàn kì í sábà gbọ́. Ara kò lè máa jà títí. Òun náà á ránṣẹ́ pé ó tó gẹ́ẹ́: cytokine kan tó ń jẹ́ IL-10 á pọ̀ sí i, cortisol náà á pọ̀ sí i. Iye lymphocyte inú ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀. Àwọn monocyte, tí mo ní wọ́n máa ń gbé èérún kòkòrò sórí àwo, á kó ọ̀pọ̀ àwo wọn pa mọ́. HLA-DR ni orúkọ àwo náà, wọ́n sì lè kà á lára wọn. Tí wọ́n bá gbé irú monocyte bẹ́ẹ̀ sínú ìgò, tí wọ́n fi ìdọ̀tí bakitéríà kàn án, kò ní pariwo bó ṣe máa ń pariwo tẹ́lẹ̀. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, nígbà mìíràn ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tó máa ń tan ènìyàn jẹ ni pé tí ẹ bá wo èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àpapọ̀ sẹ́ẹ̀lì funfun pọ̀ rẹpẹtẹ. Àwọn neutrophil ló ń pọ̀ ọ́n. Ogunlọ́gọ̀ ẹ̀ṣọ́ wà níta lóòótọ́, àwọn àgbà tó mọ ọ̀tá ni kò tó.

Ẹ wá wo ìgbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀. Àyà ṣẹ̀ṣẹ̀ di rírán. Rọ́bà wà lọ́nà ọ̀fun fún èémí, òmíràn wà fún ìtọ̀, òmíràn wà lọ́rùn fún oògùn. Odi ìlú ti lu lójú mẹ́ta mẹ́rin, àkókò yẹn gan-an ló sì rẹ àwọn ẹ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ni òtútù àyà àti àrùn ojú egbò ti ń rí àyè.

Ẹ lè bi mí pé, kí ló dé tí wọn kò fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ní oògùn kí wọ́n má bínú rárá? Wọ́n ti dán an wò. Ní Netherlands, wọ́n fún àwọn kan ní dexamethasone nínú àwọn aláìsàn 4,494, èsì rẹ̀ jáde ní 2012. Ní 2015, èsì ti ìwádìí mìíràn jáde, aláìsàn 7,507 ní orílẹ̀-èdè 18, methylprednisolone ni wọ́n lò níbẹ̀. Nínú méjèèjì, oògùn náà kò dín iye àwọn tó kú kù bí wọ́n ṣe retí. Ní tèmi, èyí kò yà mí lẹ́nu púpọ̀. Ẹni tó bá di ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu kí ó má baà pariwo lásán, ó ti dì í lẹ́nu kí ó má pariwo olè náà.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí ó kan àwọn kan nínú yín fúnra yín, ẹ̀yin tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún nígbà tí ẹ wà ní kékeré. Lẹ́yìn egungun àyà, lókè ọkàn, ẹran rírọ̀ kan wà tó ń jẹ́ thymus. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn oníṣègùn kò mọ ohun tó wà fún. Ní ọdún 1961 ni Jacques Miller, tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, yọ ọ́ kúrò lára àwọn ọmọ eku tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ó sì rí i pé àwọn eku náà kò lè bá àrùn jà mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ ni thymus jẹ́. Inú rẹ̀ ni àwọn lymphocyte tó ń jẹ́ T ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa dá ará ilé mọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀tá.

Lára ọmọ ọwọ́, thymus tóbi, ó sì bo ọkàn mọ́lẹ̀. Kí dókítà tó lè dé ọ̀dọ̀ ọkàn, ó sábà máa ń gé e kúrò, bóyá díẹ̀, bóyá gbogbo rẹ̀. Ẹ̀mí ọmọ ni wọ́n ń dù, mi ò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ní 2009 àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Faransé ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti yọ thymus wọn ní kékeré nígbà iṣẹ́ abẹ ọkàn. Wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ àwọn kan nínú wọn, pàápàá àwọn tí fáírọ́ọ̀sì CMV wà lára wọn, ti jọ ẹ̀jẹ̀ arúgbó tí ẹ bá wo irú T tó wà níbẹ̀. Èyí kò sọ pé àìsàn ti dé bá wọn. Bí wọ́n bá sì ṣẹ́ díẹ̀ kù nínú thymus, ó lè tún hù padà.

Ti àgbàlagbà ńkọ́? Thymus máa ń sún kì bí a ṣe ń dàgbà, ọ̀rá á máa gba ipò rẹ̀, torí náà ọ̀pọ̀ gbà pé kò wúlò mọ́. Ní 2023, àwọn onímọ̀ ní Massachusetts General Hospital ní Boston fi àwọn àgbàlagbà tí wọ́n yọ thymus wọn wé àwọn tí wọ́n la àyà wọn bákan náà ṣùgbọ́n tí wọn kò yọ ọ́. Láàárín ọdún márùn-ún, 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú nínú àwọn tí wọ́n yọ ọ́, 2.8 nínú àwọn yòókù. Ti jẹjẹrẹ jẹ́ 7.4 àti 3.7. Irú ìwádìí yìí kò lè fi dáni lójú pé yíyọ náà ló fà á, torí kò sí ẹni tó dìbò yan ẹni tí wọ́n máa yọ tirẹ̀. Síbẹ̀, tí dókítà bá ní òun fẹ́ yọ thymus ẹnì kan nínú ilé yín, ó tọ́ kí ẹ bi í bóyá ó pọn dandan.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Bàbá. Kí ó tó wọlé fún iṣẹ́ abẹ, wọ́n ní kí ó fi ọṣẹ tó ń pa kòkòrò wẹ̀, wọ́n fi oògùn sí i nímú nítorí bakitéríà tó máa ń gbé níbẹ̀, wọ́n sì fún un ní oògùn apakòkòrò kété kí ọ̀bẹ tó kàn án. Ó ní àtọ̀gbẹ, torí náà wọ́n ń ṣọ́ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lójú méjèèjì, nítorí ṣúgà tó bá pọ̀ jù máa ń sọ neutrophil di ọ̀lẹ. Nígbà tí ó délé, wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa wò sínú ìwé: ibà tó bá tún dé, ojú egbò tó bá pọ́n tàbí tó ń sun ọyún, egungun àyà tó bá ń dún kọ́-kọ́ tí ó bá mira. Èyíkéyìí nínú wọn, kí wọ́n pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ibà ọjọ́ kejì àti ibà ọjọ́ kẹwàá kì í ṣe ọmọ ìyá.

Wàhálà tó kù ni ti àlejò. Ẹ mọ àwa Yorùbá, a kì í fi aláìsàn sílẹ̀. Ará ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n kan fẹ́ wakọ̀ wákàtí mẹ́fà wá, ó sì ń wúkọ́. Báwo ni ọmọ ogún ọdún ṣe máa sọ fún àgbàlagbà pé kí ó má wọlé? A jọ tún gbólóhùn náà ṣe ní ọ́fíìsì mi títí ó fi dùn létí: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Dókítà ló ní ikọ́ kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ Bàbá fún ìgbà díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá yín pè wọ́n lórí fóònù." Ẹ kíyè sí i pé dókítà ló gbé ẹ̀bi náà, "ikọ́" ni wọ́n sì lé, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n.

Kò pẹ́ tí Bàbá fi gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà sọ fún mi pé, tí fóònù bá ti dún, Bàbá fúnra rẹ̀ á ní àwọn ẹ̀ṣọ́ òun ṣì ń simi, kí wọ́n máa gbàdúrà láti ilé wọn, tí wọ́n bá sì se ẹ̀fọ́ rírò, kí wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà.